Ẹ Má Jẹ́ Kí Orúkọ Àwa Ọmọ Àgbàtọ́ Abúlé Kent Parẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Òǹkàwé kan kọ̀wé sí yín láìpẹ́ yìí pé àwọn Yorùbá tó lọ kàwé nílùú Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, tí wọ́n gbé ọmọ wọn fún òyìnbó abúlé tọ́, ṣe ni wọ́n ju ọmọ nù nítorí ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára gidigidi, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó ń wí ni mí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí mi ní ọdún 1957, ṣùgbọ́n abúlé kan ní Kent, lápá gúúsù-ìlà-oòrùn ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí kò jìnnà sí ìlú kékeré tí ń jẹ́ Paddock Wood, ni mo ti kọ́ ìrìn, ibẹ̀ ni mo ti fọhùn, ibẹ̀ náà ni mo ti ká eyín. Ọdún 1967 ni wọ́n tó kó mi wálé. N kò kọ̀wé láti bá òǹkàwé yẹn jà. Mo fẹ́ sọ bí abúlé náà ṣe rí, kí a sì mọ̀ pé apá kan ìtàn Yorùbá wà ní àwọn abúlé bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó lè sọ ọ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí wọ́n fi gbé wa lọ. Bàámi ń kọ́ iṣẹ́ akáǹtáǹtì nílé ẹ̀kọ́ alẹ́. Lọ́sàn-án, ó ń ya lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́. Màámi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ilé tí ọsibítù ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì sí ló ń gbé, wọn kò sì gba ọmọ ọwọ́ níbẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni Bàámi rí háyà, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ onílé ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Nígbà náà, onílé lè kọ ọ́ sójú fèrèsé pé òun kò gba aláwọ̀ dúdú, òun kò gba ọlọ́mọ, kò sì sí òfin tí yóò mú un. Òfin ìlòdì-sí-ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n ṣe ní 1965 kò débi ọ̀rọ̀ ilé gbígbà. Ọdún 1968 ni èyí tó kan ilé àti iṣẹ́ jáde, mo sì ti wà nílé nígbà yẹn. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ méjì tí kò ní ìyá, tí kò ní ẹ̀gbọ́n, tí kò ní aládùúgbò tó lè bá wọn di ọmọ mú títí wọn yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ní Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti wá, ọmọ lè lọ bá ìyá àgbà gbé fún ọdún púpọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò ní wọ́n jù ú nù. Wọ́n wá ẹni tó lè dúró ní ipò ìyá àgbà ni.

Ìwé ìròyìn kan wà tí ń jẹ́ Nursery World, tí àwọn abiyamọ òyìnbó ń kà láti ọdún 1925. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà àti Gánà ti máa ń polówó pé àwọn ń wá ilé rere fún ọmọ, tí obìnrin tó bá fẹ́ yóò sì kọ̀wé sí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Nan. Nan ni gbogbo wa ń pè é. Opó ni; ọkọ rẹ̀ ṣe lébìrà oko títí tó fi kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti dàgbà, wọ́n ti kúrò nílé. Kì í ṣe olówó. Pọ́n-ùn mẹ́ta tí Bàámi ń fi ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wúlò fún un, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ìgbà kan wà tí Bàámi wọ gbèsè, tí owó kò wá fún bí oṣù mélòó kan. Nan kọ̀wé sí i pé kó má jẹ́ kó dà á láàmú, pé ohun tí àwọn yòókù bá ń jẹ ni èmi náà yóò máa jẹ. Lẹ́tà yẹn wà lọ́wọ́ mi. Màámi tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì rẹ̀ títí tó fi jáde láyé.

Abúlé náà kò tóbi. Ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta wà lókè, ilé ọtí wà ní ìsàlẹ̀, pápá koríko wà láàárín, ilé ẹ̀kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà, òun náà ló tún jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ibẹ̀ ni Nan ti ń gba owó pósítà ọ́dà tí Bàámi bá fi ránṣẹ́. Nítorí náà gbogbo abúlé ló mọ ọ̀sẹ̀ tí owó mi bá pẹ́. Ilé kánsù ni Nan ń gbé: yàrá méjì lókè, ilé ìgbẹ́ lẹ́yìnkùlé, ọpọ́n páànù tí a fi ń wẹ̀ níwájú iná lálẹ́ Sátidé. Ọlọ́kọ̀ èédú máa ń wá, onímílíìkì a wá lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, oníbúrẹ́dì a fi ọkọ̀ gbé búrẹ́dì kiri. Lálẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ọkùnrin mẹ́fà a gun ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ fa okùn agogo mẹ́fà. Kì í ṣe orin ni wọ́n fi agogo náà kọ. Ètò ni, ta ni yóò ṣáájú, ta ni yóò tẹ̀lé e, tí yóò máa yí títí tí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣìnà, gbogbo abúlé ló gbọ́. Bàbá tó ń gbé ilé kejì sí wa wà lára wọn, ó sì máa ń ka nọ́ńbà náà mọ́ra lẹ́nu bó ṣe ń wa ilẹ̀ ọgbà rẹ̀.

Òtútù ọdún 1962 bọ́ sí 1963 kò ṣeé gbàgbé fún ẹnikẹ́ni tó bá wà ní gúúsù ìlú Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni yìnyín bẹ̀rẹ̀, kò sì tán nílẹ̀ títí di oṣù kẹta. Omi ẹ̀rọ dì. Mílíìkì dì nínú ìgò, ó gbé ọmọrí rẹ̀ sókè. Àwọn ọkùnrin abúlé fi ṣọ́bìrì la ọ̀nà láti ilé dé ilé, ilé àwọn arúgbó ni wọ́n sì kọ́kọ́ là á dé. Ara mi funfun, ó sán. Màámi rí òrí gbà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti ilé dé, ó sì fi agolo kan ránṣẹ́. Nan kò rí irú rẹ̀ rí. Ó gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ níbi tí kò ti ní dì jù, ó fi gègé kọ ọ́ sára agolo náà pé kí ẹnikẹ́ni má fi dín nǹkan, ọmọ ló ni ín. Lálaalẹ́ ni yóò bu díẹ̀ sátẹ́lẹ́wọ́, yóò nà án sí iná kó yọ́, yóò wá fi pa mí láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá àgbà mi nílé pàápàá kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi.

Oṣù kẹsàn-án ni abúlé náà máa ń yí padà. Hop ni wọ́n ń gbìn káàkiri agbègbè yẹn. Ìtàkùn rẹ̀ ń fà bí iṣu, ó máa ń gun okùn lọ sókè fíofío, òdòdó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń po bíà kó lè korò, kó má sì tètè bàjẹ́. Tí òdòdó náà bá ti gbó, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni àyè ìkórè rẹ̀, ọwọ́ ará abúlé kò sì lè ká a. Nítorí náà, láti ayé àwọn bàbáńlá wọn ni àwọn tálákà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ti máa ń wá já hop ní Kent, obìnrin àti ọmọ wẹẹrẹ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin tiwọn tó máa ń gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀ kùtùkùtù. Ojú irin kékeré kan wà tó yà ní Paddock Wood lọ sí Hawkhurst. Àwọn ajáhop ló ń kún inú rẹ̀ lóṣù yẹn. Wọ́n ti í pa ní oṣù kẹfà ọdún 1961, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ti ojú irin abúlé pa káàkiri ìlú Gẹ̀ẹ́sì láwọn ọdún wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn náà lọ́rì ló ń kó wọn wá: ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì, àga, ológbò, àti ìyá àgbà tí wọ́n gbé jókòó sórí ẹrù. Ahéré ni olóko ń fún wọn, páànù tàbí bíríkì, wọn yóò ki koríko gbígbẹ sínú àpò fi ṣe tìmùtìmù, wọn yóò sì máa fi igi dáná níta.

Nan náà máa ń já hop. Ó ń kó wa lọ kí oòrùn tó là. Ọkùnrin kan yóò fi dòjé tí wọ́n dè mọ́ ọ̀pá gígùn gé okùn lókè, gbogbo ìtàkùn náà yóò wó lé wa lórí pẹ̀lú ìrì òwúrọ̀. Àpò ńlá kan wà tí wọ́n so mọ́ férémù igi. A ó fa ìtàkùn náà sórí rẹ̀, a ó máa fi ìka já òdòdó sínú rẹ̀, ewé kò gbọdọ̀ bá a wọlé. Ọmọdé kò lè nawọ́ dé inú àpò yẹn. Nan yóò ṣí agbòjò àtijọ́ kan, yóò dojú rẹ̀ kọ òkè, yóò ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ ilẹ̀ níwájú mi, òun ni àpò tèmi. Tí agbòjò bá kún, mo lè lọ ṣeré. Oje hop máa ń sọ ọwọ́ di dúdú, ó sì korò débi pé bí o bá fi ọwọ́ náà mú búrẹ́dì, búrẹ́dì á korò lẹ́nu. Àwọn ọmọ òyìnbó á na ọwọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi pé ẹ wò ó, àwa náà ti dúdú. Bí ọjọ́ bá ti ń lọ, oníwọ̀n yóò dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, yóò máa bu hop kúrò nínú àpò, akọ̀wé yóò máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo obìnrin yóò pa ẹnu mọ́ nígbà náà, wọn yóò máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, torí bó bá tẹ hop mọ́lẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, owó wọn dín nìyẹn.

Ilé tí wọ́n ti ń gbẹ ẹ́ rí roboto, òrùlé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, fìlà igi funfun kan wà lórí rẹ̀ tó máa ń yí tẹ̀lé afẹ́fẹ́ kí ooru lè ráyè jáde. Wọ́n a máa da imí-ọjọ́ síná nísàlẹ̀ kí hop lè pọ́n dáadáa, òórùn rẹ̀ á gba abúlé kan. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tó ń wá kò pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé roboto wọ̀nyẹn ni olówó ti sọ di ilé gbígbé lónìí.

Ohun kan wà tí mo rí nígbà náà tí n kò lóye rẹ̀ àfi nígbà tí mo dàgbà. Tí àwọn ajáhop bá ti dé, onílé ọtí á gbé pátákó síta pé òun kò gba ajáhop, òun kò gba Jípísì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó máa ń ṣí kiri. Onílé ìtajà á na wáyà sórí tábìlì rẹ̀ kí ọwọ́ wọn má bàa dé ọjà. Òyìnbó bíi tiwọn ni o, ìrìn wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ti wá. Èmi ọmọ dúdú á gba abẹ́ wáyà yẹn kọjá lọ bá ìyá oníṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tábìlì, yóò fún mi ní súìtì, torí ọmọ ilé Nan ni mí. Nínú abúlé yẹn, ilé tí o ti jáde ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó wo àwọ̀ rẹ. N kò sọ pé wọn kò wo àwọ̀. Wọ́n pè mí lórúkọ burúkú nílé ẹ̀kọ́, ìyá kan sì wà tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ mi mú lórí ìlà. Àmọ́ Nan gba ilé ìyá náà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú épúróònù lára, n kò sì mọ ohun tó sọ fún un. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ọjọ́ Àìkú kan lóṣù ni Bàámi àti Màámi máa ń wá. Màámi á ró ìró, á wọ bùbá, á wé gèlè, kóòtù á wà lórí gbogbo rẹ̀, bí wọ́n bá ti sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kọ́tìnnì á máa mì lójú fèrèsé gbogbo. Yàrá àlejò tí a kì í wọ̀ ni Nan máa ń ṣí fún wọn. Èmi á sá sẹ́yìn Nan. Bàámi ló sọ fún mi nígbà tó yá pé láti ẹnu ọ̀nà Nan títí dé Lọ́ńdọ̀nù ni Màámi máa ń sunkún. Ṣé ẹni tó ju ọmọ nù ló ń sunkún bẹ́ẹ̀? Mo fẹ́ kí òǹkàwé yín dá mi lóhùn.

Mo mọ̀ pé gbogbo ilé kọ́ ló dà bí ilé Nan. Ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n tọ́ ní Sussex, inú ìyẹ̀wù tí kò ní iná ló sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, aṣọ tí ìyá rẹ̀ rà fún un, ara ọmọ onílé ló ń rí i. Àwọn mìíràn wà tí òbí wọn kò padà wá mọ́. Òfin ọdún 1958 ní kí ẹni tó bá gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ fún owó fi tó kánsù létí, obìnrin kan sì máa ń wá wò wá nílé Nan, ó ń wo ibùsùn wa, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi tó kánsù létí, ta ni yóò mọ̀? Àti àwa tí ó sàn fún pàápàá, a pàdánù èdè wa. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Aureol gbé wa kúrò ní Liverpool ní 1967, tó gbé wa dé Èkó, n kò lè kí ìyá àgbà mi. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi kí ojú wa lè ṣe déédéé, ó ń ki oríkì mi, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ Màámi ohun tó ń sọ. Ọdún díẹ̀ ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àlọ́ rẹ̀ àti ìbáwí rẹ̀ ló fi Yorùbá sí mi lẹ́nu. Èdè yẹn ni mo wá fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí nìyí. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo lọ bá a wẹ ọmọ, mo sì ní kó wà mí lọ sí abúlé náà. Nan ti kú tipẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ti di ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́ ti kó lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n a bá ẹgbẹ́ onítàn abúlé náà ní gbọ̀ngàn, wọ́n to àwòrán àtijọ́ sórí tábìlì. Àwòrán kíláàsì wa wà níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ sábẹ́ rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan, láti òsì sí ọ̀tún. Àwa ọmọ dúdú mẹ́ta wà nínú àwòrán náà. Kò sí orúkọ lábẹ́ ẹyọ ẹnì kan nínú wa. Àmì ìbéèrè ni wọ́n fi síbẹ̀.

Kì í ṣe ìkà ló fà á, kò sì sí ẹni tí mo dá lẹ́bi nínú wọn. Òyìnbó abúlé a máa kọ nǹkan sílẹ̀. Láti 1538 ni ìjọba wọn ti pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá rì bọmi, ẹni tó gbéyàwó àti ẹni tí wọ́n sin. Ní 1965, tí ẹgbẹ́ obìnrin abúlé wọn, Women's Institute, pé 50 ọdún, wọ́n ní kí obìnrin abúlé kọ̀ọ̀kan ṣe ìwé ìrántí bí ọdún náà ṣe rí: iye owó oúnjẹ, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀, ohun tí wọ́n gbìn sóko, wọn a tilẹ̀ gé ègé aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọn kò bí wa níbẹ̀, wọn kò rì wá bọmi níbẹ̀, a kò gbéyàwó níbẹ̀, wọn kò sì sin ẹnì kankan nínú wa síbẹ̀. Gbogbo ibi tí orúkọ ti ń wọ ìwé abúlé, a kò gba ibẹ̀ kọjá.

Abúlé Kent mọ bí a ti ń rántí àlejò, ẹ̀rí wà. Ní Hadlow, tí kò jìnnà sí wa, òkúta ìrántí kan wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbẹ́ ẹ ní àwòrán ilé tí wọ́n ti ń gbẹ hop. Àwọn ajáhop tí wọ́n bá odò Medway lọ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1853 ló wà fún. Omi kún, wọ́n ń ti oko bọ̀ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, afárá onígi tó wà ní Hartlake já, ènìyàn 30 ló kú. Jípísì àti ará Ireland ni wọ́n, àwọn kan náà tí ilé ọtí ń gbé pátákó lé lórí. Nan mú wa lọ síbẹ̀ rí. Ó ní kí a ka orúkọ ìdílé wọn bó ṣe tẹ̀lé ara wọn, nítorí ènìyàn ìdílé kan náà pọ̀ nínú wọn.

Àwọn ọmọ Yorùbá kan wà tí ìtàn abúlé Gẹ̀ẹ́sì kò gbàgbé. Àìná, ọmọ Òkè-Odàn tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú, tí Ọba Gẹ́sò fà lé ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi òyìnbó lọ́wọ́ ní 1850, tí wọ́n wá ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, Kent níbẹ̀ náà ló ti gbé, ní Gillingham, lọ́dọ̀ ìdílé ajíhìnrere Schön tó ti bá Àjàyí Crowther rìnrìn àjò lórí Odò Ọya ní 1841. Ní 1862 ó fẹ́ James Davies ní Brighton. Wọ́n ti fi àmì sára ilé tó gbé ní Gillingham láti 2016. Àwọn ọmọ Fashanu, Justin àti John, tí bàbá wọn jẹ́ lọ́yà ará Nàìjíríà, abúlé Shropham ní Norfolk ni ìdílé Jackson ti tọ́ wọn; ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù mọ góòlù tí Justin gbá wọlé fún Norwich nígbà tí wọ́n bá Liverpool ṣeré ní 1980. Inú mi dùn sí ìyẹn. Àmọ́ Ọbabìnrin Victoria ni alágbàtọ́ Àìná, bọ́ọ̀lù sì ló gbé orúkọ Fashanu jáde. Ọmọ akáǹtáǹtì àti ọmọ nọ́ọ̀sì tó kàn já hop sínú agbòjò ńkọ́?

Mo sọ orúkọ mi fún ẹgbẹ́ onítàn náà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi, wọ́n ní kí n sípẹ́lì rẹ̀ kí wọ́n lè kọ ọ́ dáadáa. Mo mọ orúkọ ọmọbìnrin tó dúró tì mí nínú àwòrán náà, Ifẹ̀ ni òun ń gbé báyìí, mo sì ti fún wọn ní tirẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Ẹnì kẹta ló kù.

Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà láyé, tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin tàbí àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ náà nítorí ohun tí àwọn èèyàn bíi òǹkàwé yẹn yóò wí. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ abúlé náà, ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n máa ń sọ̀ sí, orúkọ obìnrin náà, ọdún tí wọ́n gbé ọmọ lọ àti ọdún tí wọ́n gbé e padà. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán. Ẹ má sun lẹ́tà òyìnbó tí ẹ bá bá nínú àpótí Màmá, bí inki rẹ̀ tilẹ̀ ti ń parẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ wá ẹgbẹ́ onítàn abúlé yẹn kàn, ọ̀pọ̀ abúlé ló ní irú rẹ̀, ẹ fi orúkọ ránṣẹ́ sí wọn. Bí ilé tí ẹ gbé kò bá sàn yín, ẹ kọ ìyẹn náà. Òun náà wà lára ìtàn abúlé ọ̀hún.

Ní ti ẹnì kẹta inú àwòrán wa, ẹ bá mi wá a. Ọmọkùnrin ni, ó fi bí ọdún méjì jù mí lọ. Nígbà ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 1966, gbogbo abúlé kóra jọ sílé ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n, Eusébio, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú tó ń ṣeré fún Portugal, ló sì gbá góòlù wọlé jù, mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ abúlé ti ń pe ọmọkùnrin yìí ní Eusébio, ó sì gbà á, orúkọ mìíràn tí mo mọ̀ fún un kò sí. Ilé òdìkejì ilé ọtí ni wọ́n ti tọ́ ọ. Àpá kékeré kan wà lókè ojú rẹ̀ òsì, ìbọn páànù ọmọdé ló ṣe é. Bàbá rẹ̀ máa ń wọ agbádá wá sí abúlé, ó ń kọ́ iṣẹ́ òfin, mo sì máa ń gbọ́ tí Màámi ń bá a sọ èdè Ìjẹ̀bú. Kí Kérésìmesì 1966 tó dé ni wọ́n wá mú un lọ. Tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, tàbí tí ọmọ rẹ̀ bá ń kà á, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí Olóòtú. Àyè rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àwòrán náà, ìlà kejì, ẹnì kẹrin láti òsì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.